Awọ́nríwọ́n kò jẹun mọ́: ṣé oorun ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sùn ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Houston ni à ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 16, ra awọ́nríwọ́n kékeré kan lọ́dún tó kọjá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní savannah monitor. Ẹni tó tà á fún un ní aṣálẹ̀ ló ti wá, pé kò fẹ́ omi: ká da iyanrìn gbígbẹ sínú àpótí gíláàsì, ká tan gílóòbù kan lé e lórí, ká sì máa fún un ní eku kan lójúmọ́. Ní báyìí ó ti gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ikùn rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹun dáadáa. Awọ tó yẹ kó ti bọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ìka kan ti dúdú. Ṣùgbọ́n ó ti di ọmọlúàbí: kì í halẹ̀ mọ́ èèyàn mọ́, ẹ lè gbé e bí ọmọ ológbò. Ọmọ mi kà á níbì kan pé oorun ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sùn. Ṣé òótọ́ ni? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé. Ṣé ká ra àpótí tó tóbi sí i, àbí kí n ní kó lọ tú u sílẹ̀ sínú igbó?"

Màmá, ẹ̀yin náà ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò lè dúró: kì í ṣe oorun ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹranko tí ikùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tí awọ lẹ̀ mọ́ níka, tí kò jẹun, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, àìsàn ló ń ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ìwà ọmọlúàbí yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Awọ́nríwọ́n tí ara rẹ̀ le, tí ẹ bá dédé na ọwọ́ sí i, á wú, á mí fùúù, á ju ìrù bí ẹgba, á sì sá wọ ihò. Tó bá pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ó lè mọ̀ ọ́n, kó sì máa wá gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣe rọ̀bọ̀tọ̀ sórí itan èèyàn bí ológbò. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, agbára ló tán lára rẹ̀. Ohun tí mo sì fura sí pé ó gba agbára náà ni pé omi ara rẹ̀ ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ yẹn ni gbòǹgbò ẹ̀. Àwọ̀ ara awọ́nríwọ́n yìí jọ iyanrìn lóòótọ́, bóyá ìyẹn ló ń tan àwọn tó ń tà á jẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn ló ti wá, kì í ṣe aṣálẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, Gánà, Tógò àti Benin ni wọ́n ti ń kó wọn jáde, lábẹ́ ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko igbó. Ẹ mọ̀ pé igbó kìjikìji tó gba ìhà gúúsù ilẹ̀ wa kọjá já lójijì tí a bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Láti Benin dé àgbègbè Accra, koríko ọ̀dàn ló sún mọ́ òkun. Awọ́nríwọ́n yìí wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa náà. Létí òkun tí mo ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni òjò máa ń rọ̀ dáadáa, ọ̀rinrin òkun sì ń fẹ́ wọlé lójoojúmọ́. Kódà nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí ojú ilẹ̀ sì ń sán, ẹni tó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ rí mọ̀ pé ìsàlẹ̀ kì í gbẹ bí òkè. Inú ihò ilẹ̀ yẹn ni awọ́nríwọ́n ọ̀dàn ń lo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ayé rẹ̀. Á jáde wá yáàrùn, á wá oúnjẹ kiri, á padà sínú ihò tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù fún ọ̀rinrin. Ihò yẹn ló ń pa omi mọ́ sí i lára. Ẹ wá mú un kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e sórí iyanrìn gbígbẹ, gílóòbù lókè orí, ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í sinmi nínú ilé yín sì ń fa ìwọ̀nba ọ̀rinrin tó kù kúrò. Gbogbo èémí tó bá mí jáde, omi ló ń bá a lọ, kò sì ní ibi tí yóò ti gbà á padà. Abọ́ omi nìkan kò lè dí i.

Àṣìṣe kejì ni ti eku. Ọ̀pọ̀ wa, tí a bá ti gbọ́ awọ́nríwọ́n, èyí tó ń gbé létí odò ló ń wá sí wa lọ́kàn, olè ẹyin àti òròmọdìẹ. Ìyẹn lè jẹ ẹja, akàn, ẹyin, eku. Èyí tí ọmọ yín rà, ìbátan rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò jọra. Ìrẹ̀, ọ̀kùn, tata, àkeekèé àti ìgbín ni oúnjẹ tirẹ̀. Bó bá ti dàgbà, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ á kújú, á wúlò fún fífọ́ ìkarahun. Eku lójoojúmọ́ fún irú ẹranko bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ni. Nínú igbó, ó máa ń jẹun bí ẹni pé ayé fẹ́ parẹ́ lásìkò òjò, á sanra; tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, oúnjẹ á wọ́n, á jókòó sórí igi tàbí sínú ihò, á máa fi ọ̀rá yẹn gbé ara. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oorun ẹ̀ẹ̀rùn tí ọmọ yín kà ti wá, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ nínú ilé yín, ẹ̀ẹ̀rùn kò dé ọ̀dọ̀ abọ́ oúnjẹ rí. Lójoojúmọ́ ni eku ń dé, lójoojúmọ́ ni iná ń tàn, ọ̀rá náà kò sì rí ibi kankan lọ ju inú ikùn àti ẹ̀dọ̀ lọ. Tí ọ̀rá bá bo ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó sì rí ni pé kò jẹun mọ́.

Tí ọ̀rá yẹn bá wá pàdé ara tí omi ti gbẹ, kíndìnrín ló máa ń forí fá a. Àwọn afàyàfà bí èyí kì í tọ̀ bíi tiwa. Ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín fọ̀ jáde máa ń wá pẹ̀lú ìgbẹ́ bí ẹfun funfun. Ẹ wò ó dáadáa. Tó bá funfun tó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó dára. Tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó le, tó sì ń ṣe kùrukùru lọ́wọ́ bí yanrìn, omi kò tó lára rẹ̀. Nígbà tí omi kò bá tó fún ìgbà pípẹ́, ìdọ̀tí náà á máa dì sínú kíndìnrín àti oríkèé. Gout ni àwọn dókítà ń pè é. Oríkèé á wú, ẹranko kò ní fẹ́ rìn, á máa wọ́ ẹsẹ̀. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ pé ó ti dé orí tiyín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò X-ray ló lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má rajà kankan kí ẹ tó rí dókítà ẹranko, èyí tó mọ afàyàfà, kì í ṣe ti ajá àti ológbò nìkan. Ẹ béèrè lórí fóònù kí ẹ tó lọ: ṣé ẹ ti tọ́jú awọ́nríwọ́n rí? Ní ìlú tó tóbi tó Houston, ẹ ó rí.

Títí ẹ ó fi débẹ̀, ẹ dá eku dúró pátápátá. Ẹ má fi agbára bọ́ ọ. Ara tí kò gbóná tó kò lè da oúnjẹ, oúnjẹ á sì bàjẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ máa gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó tó dígírì 30 ní ìwọ̀n Celsius fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí omi má kọjá èjìká rẹ̀, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Yóò mu nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi aṣọ tútù rọra nu ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Awọ tó lẹ̀ máa ń gbẹ yí ìka ká bí òrùka, á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ohun tó sọ ìka yẹn di dúdú nìyẹn. Èyí tó bá rọ̀ tó sì fẹ́ bọ́, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá le, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, ẹ má fà á. Ìka tó ti dúdú náà, ọwọ́ dókítà ló wà báyìí. Ẹ gbé ẹranko náà sórí òṣùwọ̀n ìdáná, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ti ooru, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbà pé dígírì 38 tàbí 40 tó lábẹ́ gílóòbù, torí pé ó ń jó èèyàn lọ́wọ́. Kò tó. Ojú ibi tó ti ń yáàrùn gbọ́dọ̀ tó dígírì 55 sí 65. Ó dà bí ẹni pé ẹ fẹ́ yan án jẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: lórí ibi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò lò kí ara rẹ̀ tó gbóná tó bó ṣe fẹ́, á sì kúrò níbẹ̀. Níbi tí kò gbóná tó, odindi ọjọ́ ni yóò fi jókòó sábẹ́ iná, tí iná á máa fa omi ara rẹ̀. Ohun tó ń jó wọn ni gílóòbù kan ṣoṣo tó lágbára, tó ń na ooru sójú kan láàárín ẹ̀yìn nígbà tí orí àti ìrù ṣì tutù. Ẹranko náà kò ní tètè kúrò torí pé ara rẹ̀ kò tíì gbóná délẹ̀. Nítorí náà, ẹ to gílóòbù halogen méjì sí mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju wáàtì 50 sí 75 lọ, sórí ìlà kan, kí ooru lè bò ó láti orí dé ìbàdí. Ẹ gbé pákó tàbí òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ wọn, kí ẹ sì máa sún un sókè sódò títí ìwọ̀n ooru yóò fi pé. Ẹ má ra òkúta oníná tí wọ́n ń kì mọ́ iná mànàmáná, ikùn ni ìyẹn máa ń bó. Témómítà oníbọn ni ẹ ó fi wọn ojú ibẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí èèyàn nígbà Kòrónà, torí ìyẹn kì í ka ju ooru ara ènìyàn lọ. Èyí tí àwọn mẹkáníìkì àti alásè ń lò ni. Ìhà kejì àpótí kò gbọ́dọ̀ ju dígírì 24 sí 27 lọ, kó lè rí ibi sá sí. Wákàtí 12 ni kí iná fi tàn, 12 ni kó fi kú, bí ojúmọ́ ṣe rí nílé. Ẹ fi iná UVB, gílóòbù tó ń tan irú ìtànṣán tó wà nínú oòrùn, kún un. Ó ń ran eegun rẹ̀ lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àpótí gíláàsì tí òkè rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì kò lè gbé awọ́nríwọ́n àgbà, bó ti wù kó tóbi tó, torí ooru ń gba òkè jáde ó sì ń fa ọ̀rinrin dání. Àpótí pákó tí òkè rẹ̀ dí ni, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8, fífẹ̀ 4, gíga ó kéré tán 4, tí ẹ sì ti fi ọ̀dà tí omi kì í gbà kọjá kùn nínú lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pẹ́ tí pákó yóò fi jẹrà. Ẹ óò da iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2: bí ìdá 6 nínú 10 kó jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní ajílẹ̀ tàbí kẹ́míkà, ìdá 4 tó kù kó jẹ́ iyanrìn. Ẹ fi omi pò ó, ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fún un. Tó bá dì mọ́ra láìjẹ́ pé omi ń kán, ó ti ṣe é gbẹ́. Tó bá túká, ihò á wó lé e lórí; tó bá ń kán, àyà rẹ̀ ni àìsàn á mú. Lẹ́yìn náà, ẹ má kàn máa fọ́n omi sójú ilẹ̀. Igun àpótí ni kí ẹ máa da omi sí, kó lè wọ ìsàlẹ̀ lọ, kí òkè máa gbẹ díẹ̀ nígbà tí inú ilẹ̀ tutù. Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tó gba gígùn 8, fífẹ̀ 4, jíjìn 2, bí àpò iyẹ̀pẹ̀ 50 àti àpò iyanrìn 50 ni, nínú àwọn àpò tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ohun ìkọ́lé lọ́dọ̀ yín. Ó lé ní tọ́ọ̀nù 2 kí ẹ tó da omi sí i. Ìyẹn ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Màmá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ́ ni wọ́n ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí. Ilẹ̀ kọ̀ǹkéré nìkan ló lè gbà á, bíi gáréèjì.

Tí dókítà bá ní kó tún máa jẹun, ìrẹ̀ àti aáyán tí wọ́n ń sìn fún títà ni kó jẹ́ gbòǹgbò oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú ekòló. Ẹ máa bọ́ àwọn kòkòrò náà ní kárọ́ọ̀tì àti ewébẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ẹ tó gbé wọn fún un, ẹ sì fi lẹ́búlẹ́bú kálísíọ̀mù gbo wọn, torí phosphorus inú kòkòrò ju kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ fíìfíì, eegun ló sì máa ń san gbèsè rẹ̀. Eku kékeré kan lóṣù kò burú, tí ara awọ́nríwọ́n náà bá ti fọn. Ẹ má mú kòkòrò láti ìta, pàápàá tanátaná. Májèlé tó wà lára tanátaná ti pa ọ̀pọ̀ alángbá táwọn ènìyàn ń sìn. Ìgbín yóò bá a lára mu gan-an, àmọ́ ìgbín ńlá tí a mọ̀ nílé, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹ ní i láàyè lọ́wọ́, ìgbín ọgbà àdúgbò sì lè ti jẹ májèlé tí aládùúgbò dà sílẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n dì sínú agolo láìsí iyọ̀. Owó kòkòrò yìí kì í ṣe kékeré fún awọ́nríwọ́n tó ti dàgbà. Àwọn tó ń ṣe é tọkàntọkàn máa ń sin aáyán fúnra wọn sínú ike, pẹ̀lú páálí ẹyin, níbi tó gbóná tó dígírì 30. Mi ò mọ iye ìyá Yorùbá tó máa gbà kí wọ́n sin aáyán sínú ilé òun.

Ìpinnu wá kù sọ́wọ́ yín. Ti igbó, rárá. Tí òtútù kò bá pa á, ẹ óò kàn ti da ẹranko àjèjì sínú igbó ẹlòmíràn. Awọ́nríwọ́n odò tí àwọn ènìyàn tú sílẹ̀ ti di ará Cape Coral ní Florida, ìjọba ṣì ń bá wọn fà á di òní. Àpótí gíláàsì tó tóbi sí i, owó ẹ ló máa jó, torí àìsàn kan náà ni yóò máa ṣe é nínú yàrá tó fẹ̀ sí i. Tí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́ láti kó lọ sí ilé tó ní gáréèjì láàárín oṣù mélòó kan, ẹ lè fi ike ńlá tí iyẹ̀pẹ̀ tútù rẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan dì í mú; kò dára tó, ṣùgbọ́n ó sàn ju iyanrìn lọ. Tí kò bá sí èyí, èmi yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ tọ́jú rẹ̀ dé ibi tí dókítà bá lè tọ́jú rẹ̀ dé, kí ẹ sì fà á lé àwọn tó ń gba afàyàfà sílé lọ́wọ́. Ẹ tún rántí pé ọmọ ọdún 16 yóò lọ sí yunifásítì láìpẹ́, ẹranko yìí sì lè lo ọdún 10 sí 15. Ta ni yóò máa fi omi rin ilẹ̀? Tí X-ray bá sì fi hàn pé gout ti gba oríkèé àti kíndìnrín, dókítà lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó sùn lọ láìjẹ̀rora. Ọ̀rọ̀ tó le láti sọ fún ọmọ ni, àmọ́ kì í ṣe ìkà, ẹ má jẹ́ kó gbà pé òun ló pa á. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ṣe.

Nǹkan méjì kù tí ẹ kò béèrè. Akọ àti abo ṣòro láti mọ̀ lójú lásán, abo sì lè lóyún ẹyin láìsí akọ. Bí kò bá rí ilẹ̀ tútù gbẹ́, ẹyin á há sí i nínú, ó sì lè pa á. Ẹ ní kí dókítà wo ìyẹn náà nínú fọ́tò, torí ikùn tó wú lè má jẹ́ ọ̀rá nìkan. Èkejì, kòkòrò àrùn Salmonella wà nínú ìgbẹ́ ọ̀pọ̀ afàyàfà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ nínú síǹkì ilé ìdáná tàbí ibi tí ẹ ti ń wẹ ọmọ. Ẹ ya ike kan sọ́tọ̀ fún un, ẹ sì fi ọṣẹ fọ àwo òṣùwọ̀n ìdáná yẹn kó tó padà sí ààyè rẹ̀. Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá ń wá kí yín, kó má fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ sínú ike tó ní ihò afẹ́fẹ́, ẹ pa amúlétutù ọkọ̀ kí inú rẹ̀ má lọ sílẹ̀ ju dígírì 27 lọ. Ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ tó tutù, tí kò tíì ju ọjọ́ kan lọ, sínú ọ̀rá, kí wọ́n lè wo aràn, kí wọ́n sì wo abẹ́ apá àti ihò imú rẹ̀ bóyá eégbọn wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sábà máa ń gbé e dání. Ẹ ya fọ́tò àpótí rẹ̀ bó ṣe wà gan-an lónìí, kí ẹ má tún un ṣe kí ẹ tó yà á, ẹ fi han dókítà, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí dání.